Ilé Tó Ń Fì Nínú Fídíò

Ìṣó mẹ́ta ni mo kàn mọ́ ilẹ̀ pákó ṣọ́ọ̀bù mi nítorí kámẹ́rà. Tíṣà tó ń kọ́ mi ní fídíò yíyà ló ní kí n máa gbé kámẹ́rà sí ojú kan náà lójoojúmọ́, kí n máa ya ohun kan ṣoṣo, kí n lè mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yí nǹkan padà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó ní kí n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kámẹ́rà ń dúró lé bá tẹ̀. Káfíńtà ni mí. Ṣọ́ọ̀kì a máa pa rẹ́, ìṣó kì í pa rẹ́. Mo kàn wọ́n wọlé títí orí wọn fi bá ilẹ̀ dọ́gba, mo sì ń gbé ẹsẹ̀ kámẹ́rà lé wọn lórí láràárọ̀. Ká ní ṣọ́ọ̀kì ni mo lò ni, ǹ bá rò pé èmi ni mo ṣì í gbé, ọ̀rọ̀ ì bá sì ti bọ́ síbẹ̀.

Ohun tó gbé mi dé ìdí fídíò kò ju pé àwọn oníbàárà ò wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Inú fóònù ni wọ́n ti ń yan àga. Káfíńtà kan wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa tí àga rẹ̀ máa ń ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù bí èèyàn bá jókòó lé e. Ṣùgbọ́n nínú fídíò, àga kì í ké. Ìmọ́lẹ̀ á rọra rá kọjá lórí apá àga náà, á sinmi díẹ̀ lórí tìmùtìmù, ẹni tó ń wò ó á fẹ́ na ọwọ́ kàn án. Ó ń tà, èmi ń wo ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin yìí kan náà ni àbúrò mi pè wá fá ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ nígbà tí àwọn ilẹ̀kùn náà ò ṣeé pa dé dáadáa mọ́, bẹ́ẹ̀ ilé náà kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi gan-an, títì nìkan ló là wá láàárín. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wo ẹni ẹlẹ́ni bó ṣe ń gbé àpótí irinṣẹ́ wọ ilé bàbá mi. Ó wọ̀ mí lára. Mo gbé e sí ibi tí mò ń kó irú rẹ̀ sí nínú ọkàn mi.

Ibẹ̀ kò ṣófo tẹ́lẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni bàbá wa fi sílẹ̀, àjà kan ṣoṣo ló ní. Nígbà tí ọwọ́ àbúrò mi ròkè, ó ní òun máa gbé àjà mìíràn gùn ún, òun á sì gbé táǹkì omi ńlá sí igun òkè rẹ̀. Mo ní ẹrù yẹn ti pọ̀ jù fún ilé náà. Ó wo ojú mi níwájú àwọn bíríkìlà, ó ní ìlara ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ mi ò kọjá ìloro ilé yẹn mọ́. Yàrá ìsàlẹ̀ ni ìyá wa ń gbé, ẹsẹ̀ wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbé wọn mọ́, nítorí náà ojú fèrèsé ni mo ti máa ń kí wọn. Màá dúró níta, màá gbé ìgbọ̀nwọ́ lé fèrèsé, a ó sì tàkúrọ̀sọ. Bí àbúrò mi bá wọlé bá wọn, màá yí ojú sí títì bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

Tíṣà mi jẹ́ ọmọbìnrin tí mo lè bí. Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló ti ń kọ́ wa, èmi nìkan ni mo sì ní ewú lórí níbẹ̀. Ó máa ń pín ìwé fún àwọn yòókù. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni èmi ti sá kúrò, mo ní kó fi ẹnu sọ tèmi, ó sì ń sọ ọ́. Ó kọ́ mi pé ojú kámẹ́rà là ń kọ́kọ́ nù kí a tó nu ojú ara wa. Ó kọ́ mi pé bí mo bá fi ẹ̀yìn ẹni tí mò ń yà sí fèrèsé, ńṣe ni yóò dúdú bí ìdí ìkòkò, pé kí n jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́. Ó ní bí mo bá fẹ́ kí nǹkan tóbi, kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn sún mọ́ ọn. Ó ní bí kámẹ́rà bá ti ń yà, kí n ká ọwọ́ kúrò lára rẹ̀, kí n jẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló le jù fún mi.

Nígbà tó ní kí n wá ohun kan tí màá máa yà lójoojúmọ́, ilé àbúrò mi ni mo rí níwájú mi, òun ni mo sì yà. Ìyàwó mi ní nínú gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá sáyé, ilé tí mò ń bínú sí ni mo rí yà. Ó ní ó kúkú dára, kámẹ́rà á máa bá mi wò ó nígbà tí mo bá ń jẹun.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ mi lọ, Tíṣà wo ti ọjọ́ yẹn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàbá," ó ní, "ilé yín ń fì o."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé àṣìṣe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni, mi ò gbé kámẹ́rà dọ́gba. Ó ní kí n wá ohun kan tó dúró gangan nínú àwòrán, kí n sì yí orí kámẹ́rà títí etí àwòrán á fi bá a dọ́gba. Mo délé, mo yí orí kámẹ́rà títí etí ilé náà fi dúró bí ọmọ ogun. Nígbà tí mo tún gbé e lọ, òpó iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà ti fẹ́ dùbúlẹ̀.

"Ẹ ti gbé ilé dìde, Bàbá, ẹ wá ti òpó ṣubú."

Wọ́n sọ mí ní Bàbá Ilé-ń-fì. Ẹ̀rín yẹn bá mi dé ilé. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í gbé irú ẹ̀ mì. Mo mú lẹ́fẹ́ẹ̀lì, ọ̀pá tí a fi ń mọ̀ bóyá pákó tẹ́jú, èyí tí omi wà nínú gílàásì rẹ̀, mo dá orí kámẹ́rà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, mo sì gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì náà lé e. Omi náà dúró láàárín. Mo gbé e lé ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó dúró. Mo dá títì kọjá, mo gbé e ti òpó iná lóòró, òpó náà dúró gangan. Ó wá ku ilé. Ògiri rẹ̀ kò jìnnà sí ọwọ́ mi ju bí èèyàn ṣe ń na ọwọ́ gba omi mu lọ. Mi ò kàn án. Mo ti búra pé mi ò ní fi irinṣẹ́ mi kan ilé yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dúró lábẹ́ rẹ̀ tí mo gbé ojú sókè, nǹkan kan rìn láti ẹ̀yìn ọrùn mi lọ sí ìdí mi, mo sì yára padà sí ọ̀dọ̀ mi.

Mo jókòó, mo ṣí fídíò tí mo kọ́kọ́ yà, tí mo ti kó sínú fóònù, mo wò ó, mo wá ṣí ti ọjọ́ yẹn. Ojú ọ̀run máa ń hàn láàárín òpó àti ilé náà, bí ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, àlàfo náà gbòòrò lókè bó ṣe gbòòrò nísàlẹ̀. Nínú ti ọjọ́ yẹn, ó ti fún lókè bí ẹnu àpò tí wọ́n fẹ́ dì. Aláǹgbá kan tún wà. Nínú àwọn fídíò ìbẹ̀rẹ̀, á sáré gun ògiri, á mi orí lábẹ́ táǹkì, á kọjá sí ẹ̀yìn ilé. Nínú àwọn tó dé kẹ́yìn, bó bá dé abẹ́ táǹkì, kì í kọjá mọ́. Ó ń wọlé sínú ògiri. Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa aláǹgbá àti ògiri tí kò lanu. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yẹn. Mi ò rò pé màá rí ẹnu ògiri náà lójú ara mi.

Mi ò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Mo gé pákó kan kúrú, mo tún gé òmíràn kúrú. Ní àjà àkọ́kọ́ ilé náà, Ìyá Aránṣọ tó háyà ibẹ̀ ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, dùdùdùdù, ohùn tí mo ti ń gbọ́ láti ọdún mọ́dún láìgbọ́ ọ. Lọ́jọ́ yẹn, bó bá ti tẹ̀ ẹ́, àyà mi á gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Bó bá dákẹ́, á tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo fi han ìyàwó mi. Ó wò ó, ó tún un wò.

"Ìyá wà nínú ilé yẹn," ó ní, bí ẹni pé mi ò mọ̀.

Òun ló lọ bá àbúrò mi, ẹni tó ń pè ní ọkọ òun kékeré, tí wọ́n sì máa ń bá ara wọn ṣàwàdà. Nígbà tó padà dé, ẹnu rẹ̀ fún. Mo bi í títí kó tó sọ ọ́. Àbúrò mi ní kó sọ fún Bọ̀ọ̀dá pé kí wọ́n kọ́kọ́ mọ kámẹ́rà dì mú ná, kí wọ́n tó máa fi ṣépè fún ilé onílé.

Lọ́jọ́ mìíràn, ọ̀rọ̀ yẹn ì bá tó mi jẹ títí ọdún á fi yípo. Lọ́jọ́ yẹn, mo wá ibi tí màá gbé e sí, mi ò rí i. Ẹ̀rù ti gba gbogbo àyè.

Mo pe Tíṣà lórí fóònù, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá wo bí mo ṣe ń gbé kámẹ́rà. Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó ń fi orúkọ ẹ̀fẹ̀ yẹn pè mí láti ìta. Nígbà tó rí àwọn ìṣó, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbé kámẹ́rà tirẹ̀ jáde, ó gbé e síbẹ̀, ó fi ojú sí i, ó tún fi ojú lásán wo ilé náà. Ó rọra fi ẹ̀yìn rìn kúrò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi.

"Bàbá, ta ló ń gbé ibẹ̀?"

Mo ní ìyá mi ni, àti aránṣọ kan, àti àbúrò mi.

Ó jókòó sórí àga tí mi ò tíì kùn, ó kó gbogbo fídíò mi sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tò wọ́n léra, ọjọ́ lé ọjọ́, ó sì jẹ́ kí wọ́n sáré. Ilé bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ níwájú mi, díẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan sí òpó iná létí. Tíṣà ní kì í ṣe ẹjọ́ ọwọ́ mi, ọwọ́ mi dúró, iṣẹ́ mi dúró. Ó pẹ́ tí mo ti ń retí kó yìn mí. Nígbà tí ìyìn náà dé, mi ò dúró gbọ́ ọ tán.

Mo gbé kọ̀ǹpútà náà, mo dá títì kọjá, òun náà tẹ̀ lé mi. Ẹsẹ̀ mi dúró fúnra rẹ̀ ní ìloro. Àbúrò mi jáde síbẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "ọ̀nà yìí mà jìn o."

"Gbé Ìyá jáde," ni mo wí. "Gbé gbogbo èèyàn jáde."

"Ẹ ti ń fẹ́ kí ilé yìí wó láti ọjọ́ tí mo ti gbé búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ gùn ún."

"Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti fẹ́ ẹ lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ń fẹ́ ẹ, Ìyá kì í sí nínú rẹ̀."

Ó wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohùn mi. Bóyá nítorí pé mi ò jiyàn ni, ó gba kọ̀ǹpútà náà. Ó wo ilé náà bó ṣe ń tẹ̀. Ó ní kí Tíṣà tún un ṣe, ó tún wò ó. Òógùn yọ lórí imú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo bi í ní ohun tó yẹ kí n ti bi í láti ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn ti gbé àpótí irinṣẹ́ wọlé.

"Àwọn ilẹ̀kùn tí wọ́n wá fá, èwo ni wọ́n?"

"Gbogbo tọwọ́ ọ̀tún. Àwọn tó wà lábẹ́ táǹkì."

"Ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í há?"

Ó ronú. "Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn."

Bí ilẹ̀kùn bá há nígbà òjò, igi ló wú, kò sí ohun tó bani lẹ́rù níbẹ̀. Bó bá há nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí igi ń sún kì, ògiri ló ń rìn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti di ìfági mú rí ni yóò béèrè. Ẹni tó pè kò béèrè, ó fá a, ó lọ. Èmi tí ǹ bá béèrè, mo jókòó sí òdìkejì títì, mò ń bínú pé wọn ò pè mí.

Àbúrò mi rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní ògiri sán lókè, òun ti rẹ́ ẹ, òun ti kùn ún, ó tún là, òun tún kùn ún. Ó ní òun ò rí ẹni tí òun á sọ fún. Ojú rẹ̀ dà bí ìgbà tó wà ní kékeré, tó bá ti fọ́ nǹkan.

Mo ní kó pe Ìyá Aránṣọ, kó sọ pé kó má sáré lórí àtẹ̀gùn. Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó ń kùn, aṣọ tó ń rán lọ́wọ́ wà lọ́rùn rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lára rẹ̀. Ó fẹ́ padà lọ kó ẹ̀rọ rẹ̀. Tíṣà dì í lọ́wọ́ mú, ó mú un kọjá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

Ó wá ku Ìyá. Mo kọjá ìloro, mo tẹ̀ lé àbúrò mi wọlé. Ilẹ̀kùn yàrá wọn ṣí dé ìdajì, ó há. Àbúrò mi lè gbá ara yọ́ kọjá níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe máa gbé èèyàn gba ibẹ̀. Ó lọ mú òòlù. Mo gbé ojú sókè, mo sì rí i pé àtẹ́rígbà ti sọ̀ kalẹ̀ jókòó lé orí ilẹ̀kùn náà, férémù rẹ̀ ti tẹ̀ bí ọrun. Kì í ṣe ilẹ̀kùn mọ́, òpó ni. Mo gbá ọwọ́ àbúrò mi mú pẹ̀lú òòlù nínú rẹ̀.

"Má fọwọ́ kàn án. Òun ló gbé ògiri dúró."

Eruku kúnná ń dà sí wa lórí bí èérún igi. Mo gbọ́ ohùn kan nínú igi náà, ohùn tínrín tí pákó máa ń ṣe kó tó là. Mo mọ ohùn yẹn dáadáa. Mi ò gbọ́ ọ lókè orí mi rí.

"Gba inú ibẹ̀ wọlé," ni mo sọ. "Èmi á wà lójú fèrèsé."

Mo jáde, mo sáré yí ilé po. Fèrèsé onípákó ni, kò ní irin. Ìyá jókòó sórí àga tí mo ṣe fún wọn, wọ́n wo ọ̀kan nínú wa nínú yàrá, wọ́n wo èkejì lójú fèrèsé.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ wá lẹ́ẹ̀kan náà?" wọ́n ní. "Ta ló kú?"

Àbúrò mi gbé wọn láìdáhùn. Mo kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, ó gbé wọn lé mi lẹ́yìn, wọ́n sì di ọrùn mi mú. Wọn ò wúwo. Ìyẹn náà bà mí lẹ́rù. Wọ́n ń sọ sí mi létí pé ojú fèrèsé tí mo ti ń kí wọn látọjọ́ yìí, ó kúkú di ẹnu ọ̀nà, àti pé àga àwọn ńkọ́. Mo ní màá ṣe òmíràn. Ìgbà yẹn ni nǹkan kan já lókè, gbàà, àbúrò mi ṣì wà nínú yàrá, ẹsẹ̀ kan lójú fèrèsé, ó ń na ọwọ́ sí mi. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lábẹ́ itan ìyá mi. Mi ò ní ọwọ́ tí màá nà sí i. Mo dúró níbẹ̀, mò ń wo ọwọ́ àbúrò mi. Tíṣà ló sáré dé, ó fà á, àwọn méjèèjì sì ṣubú lu ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, ilé náà ṣì dúró. Ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́. Àwọn aládùúgbò kóra jọ, ẹnì kan sì sọ ọ́ kí n lè gbọ́ pé ìlara káfíńtà ti lé àbúrò rẹ̀ jáde nílé. Ìyá Aránṣọ ń sunkún nítorí aṣọ oníbàárà. Mo rí i tí àbúrò mi ń wo ilé náà, tó ń wo èmi, tó wá gbé ẹsẹ̀ kan sí títì.

"Wá wo ibí kó o tó lọ," ni mo sọ.

Kámẹ́rà Tíṣà ṣì wà lórí ìṣó mẹ́ta náà, ó ń yà láti ìgbà tó ti gbé e síbẹ̀. Àbúrò mi fi ojú sí i. Ojú ọ̀run kò sí láàárín òpó àti ilé náà mọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, ó sì jókòó sílẹ̀ nídìí àga Ìyá.

Igun tí táǹkì wà ló kọ́kọ́ tẹrí ba. Omi dà kí ohunkóhun tó dà, bí ẹni tó da omi ìwẹ̀ nù láti òkè. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ wá. Eruku bo ṣọ́ọ̀bù débi pé mi ò rí Ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo pè wọ́n, mi ò gbọ́ ohùn ara mi. Ọwọ́ kan wá di aṣọ mi mú. Mi ò mọ ọwọ́ ta ni, mo sì dì í mú bẹ́ẹ̀ títí eruku fi rọlẹ̀. Ọwọ́ àbúrò mi ni.

Kò sí ẹni tó fara pa. Tíṣà ní fídíò ọjọ́ yẹn mọ́, kò gbọ̀n, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ bó ṣe yẹ. Ó fún mi ní ẹ̀dà kan. Mi ò tíì wò ó. Fídíò àga ni mò ń yà báyìí, wọ́n sì ń rà wọ́n, ṣùgbọ́n ògiri tó bá wà lẹ́yìn àga ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.

Ọ̀dọ̀ mi ni Ìyá ń gbé, àbúrò mi sì wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ó ní táǹkì ló wó ilé, èmi ní àjà ni, a sì ń fà á títí di òní. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ilẹ̀kùn yàrá Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í há. Òjò ń rọ̀, igi ń wú, mo mọ̀. Mo mú ìfági, mo dúró síwájú rẹ̀, mi ò lè gbé e lé e. Àbúrò mi bá mi níbẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti ilẹ̀kùn náà jẹ́jẹ́, ó tẹ́tí, ó sì jáde. Nígbà tó máa padà, ẹsẹ̀ kámẹ́rà wà léjìká rẹ̀, ìṣó sì wà láàárín ètè rẹ̀ bí mo ṣe máa ń fi tèmi sí i.

Ó yọ àwọn ìṣó náà kúrò lẹ́nu kó lè sọ̀rọ̀. "Ibo ni ká kàn wọ́n sí?"

Mo fi ibẹ̀ hàn án.